Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Ráútà Yín Dání?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú jáde lóṣù yìí, Ìlọrin àti Gúúsù Kwara ni gbogbo ẹ̀ ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń fà lọ́wọ́: béèyàn ṣe lè wà níbì kan kó máa darí ráútà, ìyẹn àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kámẹ́rà tó wà níbòmíì, àti ta ló yẹ kó láṣẹ láti wọ ibẹ̀. Ti Alhaja yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí nígbà tí mo kà á inú mi bàjẹ́ gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùmù, ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ni mò ń tà, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Lọ́dún tó kọjá mo ní kí ọmọkùnrin kan bá mi fi kámẹ́rà mẹ́rin sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣe é dáadáa, mo sì sanwó ẹ̀ pé. Ọmọ yẹn ti kó lọ sí Èkó báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló pè mí pé òun kàn ní kóun kí mi, ló bá ní "Màmá, ẹ ò tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí o, ṣé ara yín le?" Ẹ̀gbọ́n, àyà mi já. Mi ò rò pé ó ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ọmọ dáadáa ni, àmọ́ báwo ló ṣe ń rí mi láti Èkó? Ibẹ̀ ni mo ti ń ka owó, ibẹ̀ ni mo ti ń kírun. Kí ni kí n ṣe? (Alhaja Aláṣọ, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Wàálékùmù sàláàmù, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ṣe é tún ṣe, ẹ ò sì ní láti torí ẹ̀ bá ọmọ yẹn jà.

Àpótí kámẹ́rà tó wà lábẹ́ káńtà yín yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní DVR, kọ̀ǹpútà ni òun náà. Nígbà tí ọmọ yẹn fẹ́ kẹ́ ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù, ó ṣí áàpù, ó ya QR code tó wà lára àpótí, ó dà bíi pé fóònù tiẹ̀ ló sì fi yà á. Lójú ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù yẹn, àkáǹtì tó bá kọ́kọ́ ya code ni olówó nǹkan. Òun ló wá pín in fún yín lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí bíríkìlà bá kọ́lé tán tó wá ń yá onílé ní kọ́kọ́rọ́. Látọjọ́ yẹn ló ti ń rí yín, kò sì ní láti jalẹ̀kùn kankan kó tó rí yín.

Ẹ pè é, ẹ fọgbọ́n bá a sọ ọ́, kó yọ àpótí yẹn kúrò lórí àkáǹtì tiẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe pé kó yọ áàpù kúrò lórí fóònù ẹ̀ o, ìyẹn ò yí nǹkan kan padà, àpótí gan-an ni kó yọ kúrò nínú àkáǹtì. Tó bá ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kan tó mọ fóònù lò ṣí àkáǹtì tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà tiyín, kó wá fi fóònù tiyín ya QR code náà. Tọ́mọ yẹn ò bá gbé ìpè mọ́, àwọn tó ṣe àpótí náà sábà máa ń ní ọ̀nà tí olówó ẹ̀ fi lè gbà á padà, ẹ wá rìsíìtì tẹ́ ẹ fi rà á kalẹ̀, wọ́n lè bèèrè ẹ̀.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí, Màmá. Àpótí náà fúnra ẹ̀ ní páswọ́ọ̀dù tiẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wọ inú ẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kí wọ́n sì wo ibi tí orúkọ àwọn tó láṣẹ wà, orúkọ tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù wáì-fáì náà. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ tì í mọ́ ibi tẹ́ ẹ ń ti ìwé ilẹ̀ mọ́. Ẹ sì ní kí wọ́n yí ojú kámẹ́rà tó dojú kọ ibi tẹ́ ẹ ti ń kírun síbòmíì, ìyẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú olè.

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ sọ ọ́ síbí kẹ́ ẹ gbọ́. Ọjọ́ tá a bá parí iṣẹ́ ni ká fa gbogbo kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́, níwájú ẹ̀, kó pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ká tó kúrò. Tó bá fẹ́ ká máa bá òun bójú tó o, òun ni kó fún wa ní àkáǹtì tiwa, èyí tó lè gbà padà lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, a máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ kí oníbàárà má baà lọ pe ẹlòmíì. Kò dáa. Obìnrin yìí ń ka owó ẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń wo òun.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Tanke n'Ílọrin ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó wáì-fáì hósítẹ́ẹ̀lì méjì níbí, mo tún ń bójú tó ti ilé-ìwé aládàáni kan ní Òmù-Àrán. Ráútà MikroTik ni gbogbo ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ìwé yẹn bá kọsẹ̀, àfi kí n lọ wọkọ̀ ní gáréèjì Ọ̀fà, owó ọkọ̀ ti fẹ́ẹ̀ jẹ owó iṣẹ́ tán. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n ṣí pọ́ọ̀tù Winbox, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí áàpù tá a fi ń darí MikroTik ń gbà wọlé, sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè máa wọlé láti ilé. Ní hósítẹ́ẹ̀lì kan ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo rí i nínú log, ìwé tí ráútà ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, pé àwọn kan ń gbìyànjú láti wọlé, wọ́n ń pe "admin", wọ́n ń pe "root", láti adírẹ́ẹ̀sì tí mi ò rí rí. Ti Òmù-Àrán ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ṣe tibí náà ni mo ṣe tọ̀hún. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? (Ọmọ Tanke)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kó o tó ka ìyókù, lọ ti pọ́ọ̀tù yẹn ná. Mò ń dúró dè ẹ́.

O ti tì í? Ó dáa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ẹ́ rí nínú àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀rọ ni wọ́n. Gbogbo adírẹ́ẹ̀sì IPv4, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó wà láyé ò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, láti 2013 sì làwọn kan ní yunifásítì Michigan l'Amẹ́ríkà ti ṣe ètò kan tó ń jẹ́ ZMap, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí laini ẹ̀ bá yá dáadáa lè fi kan gbogbo ilẹ̀kùn yẹn tán láàárín ìṣẹ́jú 45. Torí náà má rò ó pé "ta ló mọ hósítẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Tanke". Kò sẹ́ni tó ní láti mọ̀ ọ́n. Bó o bá ti ṣílẹ̀kùn sójú títì, wọ́n á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wàá ti gbọ́ nípa Mirai, ètò burúkú tó ń jí ẹ̀rọ gbà. 2016 ni. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù 60 àti díẹ̀ péré ló kó dání, irú èyí tó máa ń bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ó ń gba Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ láti òkèèrè, wọ kámẹ́rà àti ráútà tí olówó wọn ò yí nǹkan kan padà, ó sì kó wọn jọ bí ọmọ ogun. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n dà wọ́n bo ilé-iṣẹ́ Dyn tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bójú tó orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí Twitter àti Netflix ò ṣe ṣe é ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Kámẹ́rà bíi ti Alhaja yẹn wà lára àwọn tó ṣe é o.

Àmọ́ ìwọ tó ń lo MikroTik, ti 2018 ló kàn ẹ́ jù. Wọ́n rí ihò kan lára Winbox, pọ́ọ̀tù 8291 yẹn náà, ẹni tí kò mọ páswọ́ọ̀dù kankan lè gba ibẹ̀ jí fáìlì tí páswọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà tún un ṣe lóṣù kẹrin ọdún yẹn, àmọ́ àwọn tí ò ṣe update ò mọ̀, oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ráútà ti di ẹrú tó ń wa owó crypto fún olè. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà nígbà táwọn èèyàn bá ní "páswọ́ọ̀dù mi le, kò séwu". Bí ihò bá wà lára ògiri, kí ni kọ́kọ́rọ́ fẹ́ ṣe?

Ti Òmù-Àrán wàyí. Ó jọ pé SIM ni ilé-ìwé yẹn ń lò. Lọ wo adírẹ́ẹ̀sì tí ráútà gbà níta. Tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, kò sóhun tó o ṣe tí ò dáa, adírẹ́ẹ̀sì yẹn kì í ṣe ti ìta gbangba. 2012 ni wọ́n ya àwọn yẹn sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí adírẹ́ẹ̀sì ti ń tán láyé. Fi í wé agbo ilé wa n'Ílọrin, èèyàn rẹpẹtẹ, ẹnu ọ̀nà kan. Ẹni tó bá wà nínú yàrá lè jáde nígbà tó wù ú, kó sì padà wọlé, àmọ́ àlejò tó bá dé ẹnu ọ̀nà tó ní "Àlàbí ni mo wá wá" láì mọ yàrá, wọ́n á dá a padà. Ìwọ ni àlejò yẹn. Starlink náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà lásán.

Ó dáa, bí àlejò ò bá lè wọlé, ẹni tó wà nínú yàrá ni kó jáde wá pàdé ẹ. Wá sáfà kékeré kan háyà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, èyí tó ní adírẹ́ẹ̀sì gbangba, kó o fi WireGuard sí i, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ. Ráútà Òmù-Àrán á pe sáfà yẹn fúnra ẹ̀, tàwọn hósítẹ́ẹ̀lì á pè é, lápútọ́ọ̀pù ẹ náà á pè é, gbogbo yín á wá pàdé níbẹ̀ bíi pé ẹ wà nínú yàrá kan náà. RouterOS, ètò tó ń darí MikroTik, version 7 ẹ̀ ní WireGuard nínú, tó bá jẹ́ 6 ni tìẹ, ṣe update kọ́kọ́. Ní ti ráútà tó wà lẹ́yìn SIM, fi persistent keepalive, àmì kékeré tí ráútà á máa fi ránṣẹ́ lóòrèkóòrè, sí ìṣẹ́jú-àáyá 25 kí ọ̀nà yẹn má baà pa dé, àìṣe èyí ló máa ń jẹ́ káwọn èèyàn sọ pé "ó ṣiṣẹ́ lánàá, kò ṣiṣẹ́ lónìí".

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára WireGuard ni pé kì í dá ẹni tí kò mọ̀ lóhùn. UDP ni, pọ́ọ̀tù tí wọ́n sábà máa ń lò ni 51820, tí ẹ̀rọ àwọn olè yẹn bá kàn án tí wọn ò ní kọ́kọ́rọ́, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan, bíi pé kò sílé níbẹ̀. Ó ti wọ inú Linux gan-an láti oṣù kẹta 2020, kì í ṣe nǹkan àdánwò mọ́. Bí háyà sáfà bá pọ̀ jù fún ẹ, Tailscale àti ZeroTier ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ ẹlòmíì ló ń bá ẹ mú ìwé orúkọ dání níbẹ̀, kó o mọ̀.

Tí ọ̀nà yẹn bá ti dúró dáadáa, sọ fún fáyáwọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ráútà, pé adírẹ́ẹ̀sì inú WireGuard nìkan ló lè débi sẹ́tìn ráútà. Pa Telnet, pa FTP, pa èyíkéyìí tó ò lò. Nígbà tó o bá fẹ́ tẹ àṣẹ, SSH ni kó o lò, pọ́ọ̀tù 22, ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú lójú ọ̀nà. Telnet, 23, ń gbé páswọ́ọ̀dù kọjá ní ìhòhò, ẹni tó bá jókòó sójú ọ̀nà á kà á bí ìwé ìròyìn. Ìyẹn gan-an ló mú kí Tatu Ylönen, ọmọ Finland, ṣe SSH ní 1995, ẹnì kan ti lúgọ sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì wọn tó ń kó páswọ́ọ̀dù àwọn èèyàn.

Mo wá fẹ́ kó o fara balẹ̀ níbí yìí. Kọ́kọ́ kọ ìlà àṣẹ tó gbà ẹ́ wọlé sínú fáyáwọ́ọ̀lù, dán an wò, kó o tó kọ ìlà tó ń lé àwọn ìyókù. Èmi náà ti ṣe é sódì rí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà lọ́nà Ajàṣẹ́-Ìpo tí mò ń bá bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo jókòó sílé n'Ílọrin lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ìlà tó ń lé èèyàn sókè èyí tó ń gbà wọ́n, mo tẹ enter, bí ọ̀nà ṣe kú nìyẹn. Mo tì ara mi síta. Ilẹ̀ ti ṣú, ófíìsì wọn ti padé, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ pín owó yíyá. Ìgbà tí n ó fi débẹ̀ láàárọ̀, àwọn ìyá ti jókòó kún inú gbọ̀ngàn, àwọn míì ti àárín oko wá, owó ọjà wọn ni wọ́n ń dúró dè. Kò sẹ́ni tó bú mi. Mi ò gbàgbé ojú wọn títí dòní.

MikroTik ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní Safe Mode, tó o bá tẹ̀ ẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ọ̀nà bá já mọ́ ẹ lọ́wọ́, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á dá gbogbo nǹkan tó o yí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lórí ojú àṣẹ, Ctrl àti X ni. Àwọn tó ń lo ráútà Cisco máa ń kọ reload in 10, kí ẹ̀rọ lè tún ara ẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọn ò bá fagi lé e, ráútà Juniper náà ní irú tiẹ̀, commit confirmed. Ká ní mo tẹ Safe Mode lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà.

Kì í sì í ṣe àwa kékeré nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, Facebook ṣe àtúnṣe kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, ó já gbogbo ẹ̀, WhatsApp àti Instagram bá a lọ, bíi wákàtí mẹ́fà. Ọ̀nà táwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kú yẹn náà ló ń gbà, ni wọ́n bá ní láti rán èèyàn lọ síbi tí ẹ̀rọ wà. Torí náà bí owó bá wà, fi ọ̀nà kejì sílẹ̀ ní Òmù-Àrán, módẹ́ẹ̀mù kékeré kan pẹ̀lú SIM nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, tí ò ní gbé nǹkan kan ju ọ̀nà WireGuard tìẹ lọ. Kó o sì tan Watchdog tó wà nínú MikroTik, èyí tó máa ń tún ráútà tàn fúnra ẹ̀ tó bá daku.

Iná ńkọ́? Tí iná bá lọ, gbogbo ohun tí mo wí yìí ò wúlò. Ra bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà nìkan, kò wọ́n bí íńfátà. Kó o sì ní nọ́ńbà géètìmáànù ilé-ìwé yẹn lórí fóònù. Kó o tó wọkọ̀, pè é, bi í pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára àpótí yẹn?" Ìgbà míì ẹnì kan ló yọ wáyà láti fi ṣaájì fóònù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. A jẹ́ mẹ́fà níbi iṣẹ́ wa l'Ọ́fà, fọ́ọ̀mù JAMB àti títẹ̀wé là ń ṣe. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la mọ páswọ́ọ̀dù admin ráútà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan wọ inú ẹ̀ lọ yí nǹkan padà, dátà gbogbo oṣù tán lọ́jọ́ méjì. Ọ̀gá bi wá, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́, ó wá ní kí gbogbo wa san án. Ṣé ọ̀nà wà láti mọ ẹni tó ṣe é? (Òṣìṣẹ́ kan, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Fún tọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò rí ọ̀nà. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ̀yin mẹ́fà ń jẹ́ lójú ráútà, "admin", òun náà ò lè dá yín mọ̀ yàtọ̀ síra. Kí ọ̀gá jọ̀ọ́ má ṣe gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ètò ni ò sí.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí kálukú ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tiẹ̀. Ẹni méjì ló yẹ kó lè yí nǹkan padà, ọ̀gá àti ẹnì kan sí i, àwọn tó kù kí wọ́n lè wò ó nìkan, tó bá tiẹ̀ pọn dandan. Ọ̀pọ̀ ráútà tó dáa díẹ̀ ló ní èyí. Kí wọ́n sì ní kí ráútà máa fi log ẹ̀ ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà míì, torí ẹni tó bá lè yí sẹ́tìn padà lè pa log rẹ́ náà. Ẹ yẹ aago ráútà wò o! Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré yẹn ò ní bátìrì fún aago, tí iná bá lọ tó dé, aago wọn á ti padà sẹ́yìn jìnnà, log á wá máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí wọn ò tíì bí ẹlòmíì. NTP ni kí wọ́n tàn, á máa gba aago tó péye láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ẹ̀rọ bá pọ̀, báńkì tàbí yunifásítì, wọn kì í kọ orúkọ sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, sáfà kan ló ń mú gbogbo orúkọ dání, RADIUS tàbí TACACS+ ni wọ́n ń lò. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn á sì tì. Ẹ̀yin mẹ́fà ò nílò ìyẹn, àmọ́ ẹ nílò àṣà ẹ̀: ẹni tó bá lọ, kí orúkọ ẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ ni mí n'Ígbájà. A fi orúkọ wáì-fáì ilé-ìwé pamọ́, a sì kọ nọ́ńbà MAC, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fóònù fi ń wọ wáì-fáì, ti àwọn olùkọ́ nìkan sí i, síbẹ̀ àwọn ọmọ SS2 ń wọlé. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? (Tíṣà, Ìgbájà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Tíṣà. Kò le fún wọn rárá. Orúkọ tẹ́ ẹ fi pamọ́, fóònù àwọn olùkọ́ fúnra wọn ló ń pè é sókè nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé, áàpù ọ̀fẹ́ lásán á gbọ́ ọ. MAC náà, ojú afẹ́fẹ́ ló ń gbà kọjá, ẹni tó bá rí i lè da tiẹ̀ kọ. Àwọn fóònù ìsinsìnyí tiẹ̀ ń pààrọ̀ MAC fúnra wọn, Android láti 10, iPhone láti iOS 14, ìyẹn ló ṣeé ṣe kó máa dá àwọn olùkọ́ kan yín dúró síta nígbà táwọn ọmọ wà nínú ilé.

Ẹ wo WPS ná, ọ̀nà tí fóònù fi ń wọ wáì-fáì láì tẹ páswọ́ọ̀dù, èyí tó ní nọ́ńbà mẹ́jọ. Láti 2011 ni wọ́n ti fi hàn pé nọ́ńbà yẹn kò ju ìgbìyànjú 11,000 lọ, torí ráútà ń sọ bóyá ìdajì àkọ́kọ́ tọ̀nà kéèyàn tó kan ìdajì kejì. Ẹ pa á pátápátá. Ààbò wáì-fáì tí wọ́n ń pè ní WPA2 tàbí WPA3 ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù gígùn, gbólóhùn Yorùbá tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín dáa ju orúkọ ilé-ìwé àti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ. Ẹ wá ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàwọn ọmọ sọ́tọ̀ fún wọn, kí wọ́n ní tiwọn, tó ní ìwọ̀n, tó ní àkókò, tí kò sì lè dé ojú sẹ́tìn ráútà tàbí kọ̀ǹpútà tí èsì ìdánwò wà lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn fẹ́ kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín bójú tó o wá ṣe é lọ́jọ́ Sátidé tílé-ìwé bá dá, kó sì fi ìwé tí páswọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀ lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́ kó tó lọ.